Àwọn Èrò Inú Bàálù Àpatì

Commandant Mélanie dojú àpótí kékeré náà kọlẹ̀ lórí tábìlì, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Nǹkan kan ò jábọ́.

"Ẹ fojú yín rí i, Capitaine. Bẹ́árìn tó ń jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ ìrù hẹlikópítà yí ló yẹ kó wà nínú rẹ̀. Lúkmánì tó ń tọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí ló fi í síbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Lónìí tí a fẹ́ múra láti dè é mọ́ ọkọ̀, a ò bá a. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló ti pòórá."

Capitaine Sàlímátù gba àpótí náà. Ó fi ìka ra inú rẹ̀ yíká, ó wo ìka náà, ó sì gbé àpótí sún mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìwádìí àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ológun, mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Adjamé ní Abidjan ni, obìnrin sísanra, aláwàdà, tí kì í fi ebi ṣe iṣẹ́. Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyẹn níbi tí kò sí ohun ẹ̀rín, a jẹ́ pé ó ti rí nǹkan.

"Ó mọ́," ló wí.

"Kí ló mọ́?"

"Àpótí yìí. Ó mọ́ bí abọ́ tí wọn ò tíì fi jẹun rí."

Mélanie wò ó bíi pé kó lé e jáde. Ìdílé àwọn ará Benin tó ti pẹ́ ní Abidjan ni òun ti wá. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé. Ó gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí inú bá ti ń bí i, Faransé á bẹ̀rẹ̀ sí í ta dànù lẹ́nu rẹ̀.

"Franchement, Capitaine, mi ò pè yín wá yẹ ìmọ́tótó wò. Orúkọ mi ló wà nínú ewu yìí."

Òótọ́ ló sọ. Kí ó tó di ọ̀gá ìpèsè ní hángà ìtúnṣe bàálù àwọn ọmọ ogun yìí, ẹrù kún yàrá ìkẹ́rùsí dé àjà, síbẹ̀ ohun tí èèyàn bá wá débẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Bàálù á dúró de bóòtù kan ṣoṣo títí koríko á fi hù yí táyà rẹ̀ ká. Mélanie kó gbogbo ohun tí kò wúlò dànù. Ó fún mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ní àwọn àpótí kékeré lórí tábìlì rẹ̀, ohun tó máa lò láìpẹ́ nìkan ló sì wà nínú wọn. Bí ọ̀kan bá ṣófo, mẹkáníìkì á tì í gba ihò kan lára ògiri wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Lúkmánì á fi ẹ̀yà tuntun sí i, á dá a padà, á sì ránṣẹ́ kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò èyí tó jáde. Ẹrù ò sùn lórí pẹpẹ mọ́, bàálù náà ò sùn nílẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tí ìbá lo gbogbo àsìkò òjò nínú hángà ti ń fò kí òjò náà tó dá.

Àfìgbà tí àwọn ẹ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá.

"Colonel Hugues tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wa ti sọ ọ́," Mélanie ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Bí a ò bá rí olè náà, ká padà sí bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n tún kó ẹrù jọ dé àjà. Ìyẹn nìkan kọ́. Odò ti já ọ̀nà tó lọ sí abúlé kan lẹ́yìn ìlú Anyama. Bí òjò bá tún fi lè rọ̀ bíi ti àná, àwọn èèyàn ibẹ̀ ò ní rí ibi gbà jáde. Hẹlikópítà wa kan ti lọ síṣẹ́ ní òkè àríwá orílẹ̀-èdè yìí lọ́hùn-ún. Èyí tó kù nìyí, kò sì lè fò láìsí bẹ́árìn."

Ẹ̀rín Sàlímátù rọra kúrò lójú rẹ̀. "Ta lẹ fura sí?"

"Ta ló tún kù? Lúkmánì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn."

*

Lúkmánì wọlé bí ẹni tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún. Ọ̀dọ́kùnrin gíga ni, èèyàn Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, Treichville ló sì dàgbà sí.

"Jókòó, Lúkmánì. Ṣé o ti jẹun?"

"Oúnjẹ ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá, Àǹtí."

"Èmi ti jẹ tèmi. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lo máa ń gbé báàgì wúwo wọ ọkọ̀ akérò gbaka ní Adjamé, tí o máa ń lọ sí Anyama. Kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

Òógùn bò ó lójú. Ó wo ilẹ̀, ó wo àjà.

"Lúkmánì, irin ni àbí kì í ṣe irin?"

"Irin ni."

Commandant Mélanie tó dúró sẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ lu ògiri. "Voilà!"

"Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀," Sàlímátù bẹ̀ ẹ́. "Irin wo?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ ni." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti tẹ̀ síwájú kí wọ́n tó gbọ́. "Ọmọbìnrin kan wà ní Anyama, Fúnmiọlá lorúkọ rẹ̀. Oníṣòwò obì ni bàbá rẹ̀, kò sì tíì mọ̀ mí. Bí mo bá gbé odindi ẹ̀rọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á bi í ibi tó ti rí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń tú u. Mo gbé orí rẹ̀ lọ, mo gbé àgbá rẹ̀ lọ. Ohun tó bá ti fẹ́ tò mọ́ ọn lọ́sẹ̀ yẹn ni mo máa ń gbé lọ."

Sàlímátù gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, Commandant! Ọgbọ́n tẹ fi ń tún bàálù ṣe, òun lọmọ yìí fi ń fẹ́ ìyàwó!"

Ó pe nọ́ńbà ọmọbìnrin náà lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ni ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ Lúkmánì, òun sì ń béèrè ohun tó kù lára ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohùn tó dá a lóhùn dùn, kò sì bẹ̀rù rárá. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kù. Orí tábìlì ìdáná ni mo ń gbé e sí, ìyá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn."

Mélanie yí ojú sí ògiri. Ó dà bí ẹni pé òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," Sàlímátù sọ fún Lúkmánì. "Bí àpótí òfìfo bá gba ihò ògiri wọlé, ṣé o máa ń rí ẹni tó tì í?"

"Rárá o. Ihò yẹn ò ju ohun tí àpótí lè gbà kọjá lọ. Òfìfo ló ń béèrè, Àǹtí. Bí mo bá ti rí i, mà á fi ẹ̀yà sí i, mà á gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á gbé e padà. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kan ní nǹkan. Ìdí tó fi yá nìyẹn."

"Ìdí tí olè náà fi fẹ́ràn rẹ̀ náà nìyẹn," ni Sàlímátù wí. "Kò jalẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ó kàn ti àpótí òfìfo wọlé, ìwọ fúnra rẹ lo sì kó ẹrù fún un."

*

Sàlímátù ní kí wọ́n da àgbá pupa tí wọ́n ń da ìdọ̀tí hángà sí fún òun. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì ń ṣa ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: bébà olóròóró tí wọ́n fi ń wé fílítà, ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé bóòtù, èyí tí wọ́n fi ń wé wáyà. Gbogbo ẹ̀yà ló ń dé pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, mẹkáníìkì á ya á kó tó lò ó. Ṣùgbọ́n nínú àgbá náà, kò sí aṣọ ìkankan nínú àwọn ẹ̀yà tó sọnù.

"Ẹ ń wá oúnjẹ ọ̀sán, Capitaine?"

Adjudant-chef Denis ló sọ̀rọ̀. Òun ni àgbà gbogbo mẹkáníìkì hángà náà, ọkùnrin onírun funfun tí gbogbo wọn ń pè ní Tonton bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá, tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò kí bàálù tó jáde. Ará Benin lòun náà, Yorùbá rẹ̀ sì dùn bíi ti àwọn ará Kétu.

"Tonton Denis, ẹ bá mi wá a. Ẹran wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ fà á dìde. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì mọ́. "Wọ́n ní ẹ fẹ́ mú Lúkmánì."

"Kí lẹ rò sí i?"

"Ọmọ yẹn ò jí nǹkan kan."

Ó sọ ọ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yára lọ. Sàlímátù wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà sápá kejì ọkọ̀. Àwọn mìíràn tó ti bi ní ìbéèrè kan náà sọ pé àwọn ò rò pé Lúkmánì lè jalè. Ti bàbá yìí yàtọ̀.

*

Ọ̀pá rọ́bà epo wà lára ohun tó sọnù, wọ́n sì ti gbọ́ pé ọ̀pá rọ́bà kan tó ní àmì àwọn ọmọ ogun lára wà lọ́wọ́ oníṣòwò irin kan ní àdúgbò Siporex. Sàlímátù lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ aṣọ ará ìlú lásán. Àlàmín lorúkọ oníṣòwò náà, ó sì wà níbi tó ti ń fi ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n ń sọ yìí fọ gbaka kan tí ẹrẹ̀ bò dé fèrèsé.

"I ni wula," ó kí i ní Dyula bí wọ́n ti ń kíra ní ọ̀sán. Nígbà tó rí káàdì jandáàmù àti orúkọ tó wà lára rẹ̀, ó yí sí Yorùbá kíá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́! Mo ra á ni. Nígbà tí wọ́n kó pàǹtírí jáde ní hángà wọn ni. Ọ̀gá obìnrin kan ló ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò lójú òun."

Sàlímátù yẹ ọ̀pá náà wò. Ó ti gbó, ó ti sán lápá kan, àmì pé wọ́n ti pa á tì wà lára rẹ̀ ní kíkùn pupa. Òótọ́ lọkùnrin náà sọ.

Ó jókòó sórí táyà kan, ó ní kí Àlàmín ra àlókò, ìyẹn dòdò, wá fún àwọn méjèèjì. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ó ka àwọn ẹ̀yà tó sọnù fún un láti orí wá.

"Ká ní ìwọ lo wọ ibẹ̀, tí wọ́n ní kó o mú ohun tó bá wù ọ́, èwo lo máa mú nínú wọn?"

Àlàmín ronú, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó tún ronú. "Bátìrì ńkọ́? Ṣé kò sí bátìrì?"

"Ó wà. Wọn ò fọwọ́ kàn án."

"Wáyà bàbà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé òpònú lolè yín. Ta ni màá ta bẹ́árìn ìrù hẹlikópítà fún? Ṣé gbaka nírù ni?"

Sàlímátù dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó wo gbaka náà, tí omi ń kán lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan Àlàmín bíi pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

"Ọlọ́run á bùkún fún ọ! Gbaka ò nírù!"

*

Ìbéèrè kan ni Sàlímátù kọ́kọ́ bi Mélanie nígbà tó padà dé hángà.

"Àwọn ẹ̀yà tó sọnù yìí, ẹ má sọ iye wọn fún mi. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó dé."

Mélanie bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Bẹ́árìn ìrù, ó máa ń pẹ́, ọ̀pọ̀ oṣù ni. Ọ̀pá rọ́bà epo, ó pẹ́ ju ìyẹn lọ. Èdìdì gíà tí kì í jẹ́ kí òróró jò ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe é lágbàáyé, wọn ò sì kánjú. Bó ti ń kà wọ́n lọ ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i.

"Àwọn tó ń tètè dé ńkọ́?" Sàlímátù béèrè. "Bátìrì, wáyà, fílítà?"

"Ìkankan nínú wọn ò sọnù." Mélanie jókòó. "Mon Dieu. Èyí tó pẹ́ jù lọ nìkan ló ń mú."

"Àpótí rẹ̀ mọ́, kò sí òróró lára rẹ̀. Kò ya aṣọ ẹ̀yà kankan, nítorí kò lò wọ́n. Kò tà wọ́n, nítorí kò sẹ́ni tó máa rà wọ́n. Olè yìí kò wá owó, Commandant. Àkókò ló ń jí. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ dúró de nǹkan tí kò ní dé. Ẹni tó ti dúró rí ló máa ń bẹ̀rù báyẹn."

"Ta ni?"

"Mi ò tíì lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ibi tó ń kó wọn sí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀yà tó báyìí ò ní gbé wọn síbi tí omi ti ń jò."

Bí ẹni pé òjò gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Sàlímátù ti jáde láti wo ẹ̀yìn hángà nígbà tó dé bá a ní pápá gbalasa, ó sì sáré lọ sábẹ́ apá bàálù ńlá kan tí wọ́n ti pa tì sínú koríko lẹ́bàá ògiri. Bàálù náà ti di nǹkan àánú. Kíkùn rẹ̀ ti ṣí, ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, táyà rẹ̀ ti rì. Ó fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí òjò má bàa tà sí i lára.

Ilẹ̀kùn náà ṣí.

Kò dún. Kò tilẹ̀ han rárá. Gbogbo ohun tó wà lára bàálù yìí ló ti dípẹtà, àfi ìdè ilẹ̀kùn náà. Sàlímátù fọwọ́ kàn án: gíríìsì tuntun ló wà níbẹ̀.

Ó gun inú rẹ̀ lọ, ó sì wò yíká. Wọ́n ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti nu fèrèsé. Lórí àwọn ìjókòó, ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, ni àwọn ẹ̀yà náà jókòó sí nínú aṣọ wọn, tí wọ́n sì de bẹ́líìtì ìjókòó mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nídìí. Ọ̀pá rọ́bà epo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èdìdì gíà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́árìn ìrù nìkan ló jókòó níwájú pátápátá, bí ọ̀gá.

"Ẹ kú ìrìnàjò o," Sàlímátù kí wọn.

*

Ó lè kó wọn jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́árìn láìsí olè ò ní yọ Lúkmánì, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mú kí Colonel fọkàn tán àpótí kékeré mọ́. Iṣẹ́ dídè bẹ́árìn náà mọ́ ọkọ̀ ò lè bẹ̀rẹ̀ kí àyẹ̀wò tó kù lára ọkọ̀ tó parí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó lọ bá Lúkmánì ní kọ̀rọ̀, ó bi í bóyá yóò gbà kí wọ́n dójú tì í fún àkókò díẹ̀. Lúkmánì ronú sí i. "Àǹtí, bó bá máa yọ mí, y'a fôhi, kò sí wàhálà."

Báyìí ni wọ́n ṣe mú un lọ́jọ́ kejì, lójú gbogbo ayé, ní kété kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Jandáàmù méjì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, wọ́n mú un gba àárín hángà kọjá. Àwọn mẹkáníìkì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹnì kan bú sẹ́kún. Ọkọ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sàlímátù, níbi tí wọ́n ti tú ọwọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì gbé garba tó kún abọ́ síwájú rẹ̀, ìyẹn atíékè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín.

Sàlímátù fúnra rẹ̀ ti wà nínú bàálù àpatì nígbà náà, ó jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn, ó de bẹ́líìtì. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹni tó ṣe nǹkan yìí bá jẹ́ irú ẹni tí òun rò, kò ní lè jẹun lọ́sàn-án yìí.

Kò pẹ́ púpọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí láìdún. Adjudant-chef Denis wọlé pẹ̀lú àpò òfìfo ńlá kan lọ́wọ́, ó ń mí gúlegúle, ó sì ti ń tú bẹ́líìtì bẹ́árìn náà kó tó rí i.

"Tonton, ẹ jókòó," Sàlímátù wí. "Àyè ṣì kù."

Àpò náà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó lóòótọ́.

"Mò ń bọ̀ wá dá wọn padà ni," ló wí.

"Mo mọ̀. Àpò òfìfo lẹ gbé wá. Bó bá jẹ́ pé ẹrù ló wà nínú rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èmi ni?"

"Ìka mẹkáníìkì máa ń ní òróró. Ẹ̀yin ni ọwọ́ yín mọ́ jù lọ ní hángà yìí, Tonton, nítorí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn lẹ̀ ń yẹ̀ wò. Ẹ lè dúró sídìí tábìlì ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Àti pé ẹ̀yin nìkan lẹ sọ fún mi pé Lúkmánì ò jí nǹkan bí ẹni tó mọ̀. Àwọn yòókù kàn ń rò ó ni."

Denis fi ọwọ́ ra apá ìjókòó náà. "Èmi ni mo tọ́jú bàálù yìí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe rẹwà tó. Ọjọ́ kan, ọ̀pá rọ́bà kan sán. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀. Mo dúró. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílùú, ìjà parí, wọ́n ṣì ní ó ń bọ̀. Láti ibẹ̀ yẹn ni kò ti fò mọ́. Nígbà tí Commandant wá kó pẹpẹ kúrò, tí mo rí ògiri lásán, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní kí n ṣáà fi díẹ̀ pamọ́ fún wa. Díẹ̀ ni mo pè é."

"Ẹ wo ibi tó gbé wa dé. Hẹlikópítà wà nílẹ̀, ó ń dúró de ohun tẹ́ ẹ fi pamọ́ kó má bàa dúró."

Bàbá náà fi ọwọ́ bo ojú. Sàlímátù jẹ́ kó sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó kù, kò sì fi ẹ̀rín kún un. "Wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ nítorí yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ tẹ́ ẹ máa bẹ̀ ẹ́."

"Kó tó di pé mo jẹun," ni Denis wí, ó dìde.

*

Nígbà tí Denis wọ ọ́fíìsì Sàlímátù, tó ṣí fìlà lórí, tó sì ti ń kúnlẹ̀, Lúkmánì fò dìde pẹ̀lú atíékè lẹ́nu, ó gbá a mú. "Tonton, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!" Bàbá náà kọ̀, ó ṣáà kúnlẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá kúnlẹ̀ tì í, àwọn méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ síra wọn pẹ̀lú abọ́ garba láàárín wọn títí Sàlímátù fi ní kí wọ́n dìde kí wọ́n má bàa da ata rú. Denis ṣèlérí níbẹ̀ pé òun fúnra òun máa lọ bá oníṣòwò obì kan sọ̀rọ̀ ní Anyama.

Colonel Hugues bá Denis wí gan-an, ó sì gba ìsinmi rẹ̀ ọdún náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mélanie wọ bàálù àpatì lọ, ó wo àwọn ẹ̀yà náà lórí ìjókòó wọn, ó sì jókòó sáàárín wọn fún ìgbà díẹ̀.

"Mo gbàgbé nǹkan kan," ló sọ fún Sàlímátù nígbà tó jáde. "Ohun tó ń ti ìtòsí wá àti ohun tó ń ti òpin ayé wá, ọ̀nà kan náà ni mo fi ṣe wọ́n. Èyí tó jìnnà yẹ kó ní díẹ̀ tó ń dúró dè wá. Díẹ̀ tí gbogbo wa lè fojú rí, kì í ṣe èyí tó wà nínú òkùnkùn. Mà á ní kí Denis máa tọ́jú rẹ̀."

"Denis?"

"Ta ló tún máa fi bẹ́líìtì dè wọ́n?"

Ní ọ̀sán yẹn náà ni wọ́n de bẹ́árìn mọ́ ìrù hẹlikópítà, Denis fúnra rẹ̀ sì fi òróró ba ọwọ́ jẹ́ dé igbọ̀nwọ́. Wọ́n dán an wò lórí ilẹ̀, ó yí geere. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti gbéra, ó gba orí ọ̀sà kọjá, ó forí lé àríwá, àwọn mẹkáníìkì sì ń hó bíi ti ọjọ́ ìparí ìdíje bọ́ọ̀lù.

Ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ó ń kó àwọn ará abúlé náà bọ̀: àwọn ìyá tó pọnmọ, àwọn olùkọ́, ọkùnrin kan tó gbá ewúrẹ́ rẹ̀ máyà. Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ìyá arúgbó kan dé. Awakọ̀ hẹlikópítà ròyìn pé ó ti kọ̀ láti wọlé, pé ó ní òun ò wọ nǹkan tí kò ní táyà, àfìgbà tí wọ́n fi gbé e wọlé.

Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un níwájú hángà. Sàlímátù àti Denis jọ nawọ́ sí i. Ìyá arúgbó wo ọwọ́ wọn, ó wo ilẹ̀, ó sì tún bẹ́líìtì rẹ̀ fà le.

"Ìyá, a ti dé," Denis wí. "Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ti ṣe tán?" ni ìyá náà dá a lóhùn. "Ojú ni mo dì ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ gbé mi padà lọ, kí n lajú wò ó."